Gásíkẹ́ẹ̀tì Mánífóòdù Afẹ́fẹ́: Bí A Ti Ń Yàn Án àti Bí A Ti Ń Fi Í Sípò

Ní Ìrẹ́mọ, àdúgbò àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tí Ọbalùfẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ilé ní ìlú tí ó sì ní oko kòkó ní ẹ̀yìn odi. Láti ìgbà tí mọ́tò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alárù, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni ó ń kó kòkó láti abà wá sí ìlú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ará òkè òkun ti kọ́kọ́ lò, tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ sí ojú ọ̀nà ní ìgbà ìkórè, àdánù rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ onímọ́tò nìkan. Kòkó tí omi inú rẹ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí bu nínú àpò, oníbàárà yóò sì gé owó rẹ̀.

Ohun pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, síbẹ̀ tí ó lè ba odidi ẹ́ńjìnnì jẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Ohun ni tí a fi sí àárín irin méjì tí a dè pọ̀, kí afẹ́fẹ́, omi tàbí epo má ba à jò láàrin wọn. Oríṣiríṣi rẹ̀ ni ó wà nínú mọ́tò. Èyí tí ó wà láàrin mánífóòdù afẹ́fẹ́ àti orí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

IṢẸ́ TÍ Ó Ń ṢE

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹtiróòlù a máa mí bí ènìyàn ti ń mí. Nígbà tí písítíìnì bá sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà, ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà, tí ó yà sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ni mánífóòdù afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán. Nítorí náà agbára afẹ́fẹ́ inú mánífóòdù kò tó ìdajì agbára afẹ́fẹ́ òde, ti òde sì ń wá ọ̀nà láti wọlé. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń pa ẹnu ògiri yìí dé.

Bí ó bá lanu, ibi mẹ́ta ni ó lè ti ibẹ̀ jáde.

Èkínní ni pé ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ yóò dàrú. Kílò kan pẹtiróòlù ń fẹ́ nǹkan bí kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kí ó tó lè jó tán. Kábúrétọ̀ ni ó ń wọn èyí nínú ọkọ̀ àtijọ́, kọ̀ǹpútà ni ó ń wọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó gba ojú ihò wọlé kò kọjá lójú òṣùwọ̀n. Nínú ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, epo yóò kéré jù fún afẹ́fẹ́, iná sílíńdà náà yóò máa kú tàbí kí ó máa jó ní ìjókùjó, ooru yóò sì máa jẹ ẹnu fáàfù. Nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà yóò máa da epo kún un láti fi dí àlàfo náà, títí agbára rẹ̀ yóò fi pin. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí pẹtiróòlù ní ọdún 2023, epo tí ó ń ṣòfò báyìí kì í tún ṣe ohun tí a lè fojú fò.

Èkejì ni eruku. Asẹ́ afẹ́fẹ́ wà ní ẹnu ọ̀nà láti sẹ́ eruku, ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù wà ní ẹ̀yìn asẹ́ náà. Eruku tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé, asẹ́ kò rí i. Ní ojú ọ̀nà oko, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń kù nígbà ọyẹ́, iyanrìn kíkúnná yóò máa lọ sínú sílíńdà tààrà, yóò sì máa lọ ríìngì písítíìnì bí ọlọ ti ń lọ ata. Ọkọ̀ tí ń mu ọ́ìlì tí ó sì ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni omi. Ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára a máa gba inú mánífóòdù kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ́ńjìnnì Toyota 22R tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Hilux àtijọ́. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá jẹrà, omi lè jò síta, ó sì lè wọ inú sílíńdà. Ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí sílíńdà wọn tò ní ọ̀wọ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí tí a là, omi náà lè ṣàn sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí omi dà pọ̀ mọ́ kò lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́, ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ parun.

Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀ràn yìí kò lè bá a. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ General Motors ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì kan láàrin ọdún 1995 àti 2004 tí férémù gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù wọn jẹ́ ike. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ra ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ráhùn pé omi ń jò. Wọ́n pe ẹjọ́, ní ọdún 2008 ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti dá owó àtúnṣe padà fún àwọn tí ọ̀ràn kàn. Lẹ́yìn náà àwọn tí ń ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì mú òmíràn jáde tí férémù rẹ̀ jẹ́ irin. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ohun tí a fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì bí ìrísí rẹ̀ ti ṣe pàtàkì.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Ẹ́ńjìnnì tí gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù rẹ̀ ti bàjẹ́ sábà máa ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí kí ó máa sáré ju bí ó ti yẹ lọ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀. A lè gbọ́ ìró híhan bí ẹni tí ń súfèé láti inú eyín. Ọkọ̀ yóò máa lọ́ra láti gun òkè pẹ̀lú ẹrù, kábúrétọ̀ a sì máa sín. Ó lè burú ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó sì dẹwọ́ nígbà tí ó bá gbóná tí irin sì wú. Nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, iná kékeré olórí ẹ́ńjìnnì yóò tàn níwájú awakọ̀. Bí mẹkáníìkì bá fi ẹ̀rọ ìwádìí sí i, nọ́ńbà P0171 sábà máa ń jáde, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.

Ti omi ní àmì tirẹ̀. Omi radiétọ̀ yóò máa dín kù láìsí ibi tí ó ń kán sí nílẹ̀. Èéfín funfun yóò máa jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ọ́ìlì tí a bá yẹ̀ wò yóò sì dàbí ògì tí a bu wàrà sí. Ọkọ̀ tí ó bá fi àmì ìkẹyìn yìí hàn, kí a má ṣe wà á dé ibì kankan, kí a fi òmíràn fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ṣùgbọ́n kí a tó tú ohunkóhun, ó yẹ kí a dán an wò, nítorí họ́ọ̀sì rọ́bà tí ó là tàbí tí ó yọ lè fi àmì kan náà hàn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí a yẹ gbogbo họ́ọ̀sì tí ó so mọ́ mánífóòdù wò, pàápàá èyí tí ó lọ sí ibi bíréèkì. Bí wọ́n bá dára, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí a sì fi ike ìfọ́nmi fọ́n omi ọṣẹ díẹ̀díẹ̀ sí etí ojú ìsopọ̀ náà. Ibi tí ihò bá wà yóò fa omi náà mu, ìró ẹ́ńjìnnì yóò sì yí padà ní kíákíá. Àwọn kan a máa fi pẹtiróòlù ṣe ìdánwò yìí. Ewu ńlá ni, nítorí mánífóòdù èéfín tí ó gbóná janjan wà nítòsí, iná lè sọ, kí ọkọ̀ àti ilé sì jóná.

YÍYÀN RẸ̀

Òfin kìíní ni pé ẹ́ńjìnnì ni a ń ra gásíkẹ́ẹ̀tì fún, a kì í rà á fún orúkọ ọkọ̀. Ọkọ̀ Corolla méjì tí ó jọra lójú lè ní ẹ́ńjìnnì tí kò jọra. Nítorí náà kí ẹni tí ń lọ sí ọjà, ìbá à ṣe Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládipọ̀ ní Èkó, kọ orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì sínú ìwé, kí ó sì kọ ọdún tí a ṣe ọkọ̀ náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó mú gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà dání.

Òfin kejì ni pé kí a lo irú ohun tí ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì lò, tàbí èyí tí ó dára jù ú lọ. Àpẹẹrẹ mẹ́ta yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Volkswagen onírísí ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, kò ní omi rárá, afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Òrùka irin ni gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá dè é. Nígbà tí ó bá sì ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò wúlò mọ́ nígbà kejì. Nínú àwọn tí mánífóòdù wọn pín sí mẹ́ta, ọrùn rọ́bà méjì tí ó so wọ́n pọ̀ a máa là bí ó bá gbó, kí a sì pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ti Toyota 22R yàtọ̀: nítorí pé omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń kọjá nínú rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè fara da omi gbígbóná àti epo pọ̀. Ẹ̀kẹta ni Corolla ti ọdún 2003 sí 2008 tí ó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE. Ike ni mánífóòdù rẹ̀, rọ́bà tí a ṣe ní àwòṣe ni gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń jókòó sínú ojú ọ̀nà tí a gbẹ́ fún un. Bí rọ́bà náà bá ti gbẹ tí ó sì ti le, kò lè wú láti dí àlàfo mọ́.

Òfin kẹta ni pé kí a gbé tuntun lé ti àtijọ́, tàbí lé ojú mánífóòdù, kí a sì wò ó. Gbogbo ihò gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí etí gásíkẹ́ẹ̀tì bá yọ sínú ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́, yóò dí i lọ́nà. Bí ihò omi bá sì wà tí gásíkẹ́ẹ̀tì náà kò ní i, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì náà. Èyí tí ó ti ká, tí ó ti ṣẹ́, tàbí tí kò ní nọ́ńbà kankan lára àpò rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn kì í ṣe èyí tí a ń rà, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó.

Òfin kẹrin kan àṣà tí ó wọ́pọ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan a máa gé páálí bàtà tàbí ti bisikíìtì ní gásíkẹ́ẹ̀tì. Páálí ń mu omi, ó ń mu epo, ó ń wú, ó sì ń ya. Bí ó bá di dandan láti gé e fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí a lo pépà tí a ṣe fún gásíkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì nípọn bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gọ́ọ̀mù inú ike. Kò lè rọ́pò gásíkẹ́ẹ̀tì. Pẹtiróòlù ń jẹ ẹ́, ègé rẹ̀ ń já sínú fáàfù, èéfín irú kan nínú rẹ̀ sì ń ba ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn èéfín fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Ibi tí ìwé ọkọ̀ bá ní kí a fi díẹ̀ sí nìkan ni kí a fi sí.

FÍFI Í SÍPÒ

Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí a tó fọwọ́ kàn án. Ó dára kí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Irin aluminium tí a tú nígbà tí ó gbóná lè tẹ̀. Kí a yọ orí odì bátìrì. Bí omi bá ń gba inú mánífóòdù, kí a kọ́kọ́ tú omi náà sílẹ̀ sínú igbá. Kí a so okùn tàbí pépà kékeré mọ́ họ́ọ̀sì àti wáyà kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ibi tí ó ti wá sí i. Kí a tú bóòtù díẹ̀díẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì wá sí àárín.

Nígbà tí mánífóòdù bá ti kúrò, kí a fi àkísà mímọ́ dí ojú ihò afẹ́fẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, kí a sì ka iye àkísà náà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni bóòtù kan tí ó já sínú ihò yìí ti bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi ìkánjú ṣe: fífọ ojú irin méjèèjì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè dí lórí ìpẹ́ àtijọ́. Kí a fi igi tàbí ike tí etí rẹ̀ mú há a kúrò. Orí túúdìráfà a máa ha aluminium, ojú ọgbẹ́ náà a sì di ihò tuntun. Ẹ̀rọ oníyanrìn tí ń yí kò yẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí iyanrìn rẹ̀ ń bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dé inú ọ́ìlì.

Bí ojú irin bá ti mọ́, kí a gbé irin gígùn tí ó tọ́ gbọọrọ lé e, kí a sì fi ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ni ó ń sọ iye tí ó lè gbà. Bí títẹ̀ rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ojú irin, nítorí kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó lè wo irin tí ó ti tẹ̀ sàn.

Kí a gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i ní gbígbẹ, àfi bí ẹni tí ó ṣe é bá sọ ohun mìíràn. Kí a yọ àkísà, kí a sì tún un kà. Kí a fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtù wọlé kí sípánà tó kan èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà náà ni kí a máa dè wọ́n láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, bí ẹni tí ń fi ọwọ́ na ẹní láti àárín kí ó má ba à ká.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí bóòtù bá ti le tó ni ó ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bóòtù kékeré tí ń wọ inú aluminium kò sábà fẹ́ ju 15 sí 30 Newton-mítà lọ. Ìwé ọkọ̀ ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an. Láti mọ bí èyí ti kéré tó, 20 Newton-mítà dàbí ẹrù kílò 8 tí ó rọ̀ sí ìpẹ̀kun sípánà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ọkùnrin tí ó fi gbogbo ara tì í lè fi ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ dè é, kí ó sì já okùn inú aluminium, tàbí kí ó fọ́ mánífóòdù oníke. Nítorí náà sípánà olóṣùwọ̀n, tí ń fi bí ọwọ́ ti le tó hàn, tó ohun tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò lè dá owó jọ rà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Kí a dá omi padà, kí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí omi bá ti dé inú ọ́ìlì, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀ kí a tó tan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn títàn án, kí a tún fi omi ọṣẹ dán ojú ìsopọ̀ náà wò. Gásíkẹ́ẹ̀tì oníwèé àtijọ́ lè fẹ́ kí a tún bóòtù rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí ó sì tún tutù. Ti rọ́bà inú mánífóòdù oníke kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Ọ̀pọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́ ni a fi asbestos ṣe, ohun kan náà tí a ti fi ń ṣe àjà ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà a sì máa fara hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà kí a fi omi rin gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kí a tó há a, kí a má ṣe fẹ́ eruku rẹ̀, kí a má ṣe sun ún níná. Kí a dì í sínú ọ̀rá, kí a sì fọ ọwọ́ àti aṣọ kí a tó jẹun. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a ó fi èyí lé lọ́wọ́.

Omi aláwọ̀ tí a tú sílẹ̀ nínú radiétọ̀ ní májèlé tí ó dùn lẹ́nu nínú. Ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé lè mu ún, kí wọ́n sì kú. Kí a bo igbá tí a tú u sí, kí a má sì ṣe dà á sí àgbàlá tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

ÀKÓKÒ TÍ Ó YẸ

Ìkórè ńlá kòkó a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù September tàbí October. Oṣù July àti August, nígbà tí iṣẹ́ mọ́tò dín kù, ni ó yẹ láti yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wò. Ẹni tí ó bá ṣe é nígbà náà yóò ní àyè láti wá èyí tí ó tọ́ ní ọjà, láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sùn kí ó tutù, àti láti fọ ojú irin títí yóò fi mọ́. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí àpò kòkó ti wà lórí ọkọ̀ yóò ra èyí tí ó bá rí, yóò sì fi ìkánjú dè é. Ọ̀pọ̀ nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni a tún ń tú kí ìkórè tó parí.